Kí Ló Kúrò Lára Egbin Yẹn? Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ìwé Hayy ibn Yaqzan

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ mí ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtàn àròsọ tó jẹ mọ́ ti ẹ̀mí, èyí tó ń sọ bí ènìyàn ṣe ń mọ ara rẹ̀, tó sì ń wádìí ibi tí ayé tí ojú wa ń rí yìí parí sí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí àtẹ lóde òní. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹnìkan á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á gun òkè lọ, á pàdé arúgbó ọlọ́gbọ́n, á sì padà wálé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Èmi kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n èyí tí mo mú wá ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún, kò sì sí arúgbó ọlọ́gbọ́n kankan tó ń tọ́ni sọ́nà nínú rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kan ló wà níbẹ̀, àti egbin kan, lórí erékùṣù tí ènìyàn kankan kò gbé.

Hayy ibn Yaqzan ni orúkọ ìwé náà, ó sì jẹ́ orúkọ ọmọ náà pẹ̀lú. Abu Bakr ibn Tufayl ló fi èdè Lárúbáwá kọ ọ́. Wadi Ash ni wọ́n ti bí i, ìlú tí wọ́n ń pè ní Guadix nísinsìnyí, nítòsí Granada ní Sípéènì. Àwọn Mùsùlùmí ló ń ṣèjọba níbẹ̀ nígbà náà, Andalus sì ni ilẹ̀ wọn ń jẹ́. Oníṣègùn ni Ibn Tufayl, ó ṣe akọ̀wé fún gómìnà, ó mọ̀ nípa ìràwọ̀, ó sì ń kéwì. Nígbà tó yá, ó di oníṣègùn Abu Yaqub Yusuf, ọba àwọn Almohad, ìdílé ọba Mùsùlùmí tó ń ṣèjọba ní Mòrókò àti Andalus, tó wà lórí oyè láti 1163 títí di 1184. Marrakesh, ní Mòrókò, ni ó kú sí ní 1185.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilẹ̀ yẹn jìnnà sí wa pátápátá. Mazhabu Maliki, ìyẹn ọ̀nà òfin Ìsìláàmù tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ń tọ̀, ló gbilẹ̀ ní Andalus. Ní Fez, ní Mòrókò kan náà, ni ibojì Ahmad al-Tijani wà, ẹni tí ọ̀pọ̀ lára àwọn bàbá wa ń tọ ọ̀nà rẹ̀ tí wọ́n bá jókòó ṣe wazifa, ìyẹn àdúrà ìrántí Ọlọ́run.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ láàfin ọba yìí tó yẹ ká mọ̀ ká tó ṣí ìwé. Ibn Tufayl ló mú Ibn Rushd, onímọ̀ láti Cordoba, wọlé tọ ọba lọ. Ọba béèrè orúkọ rẹ̀, ó béèrè orúkọ bàbá rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá bi í pé: kí ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ nípa ojú ọ̀run? Ṣé ó ti wà láìní ìbẹ̀rẹ̀ ni, àbí ìgbà kan wà tí a dá a? Àyà Ibn Rushd já. Ó ní òun kò kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ọba rí i pé ẹ̀rù ń bà á, ló bá kọjú sí Ibn Tufayl, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jíròrò, wọ́n ń tú ọ̀rọ̀ Aristotle àti Plato, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, palẹ̀, títí ara fi tu àlejò, tí òun náà fi lanu. Ibn Rushd fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìbéèrè ọba yẹn sọ́kàn, a óò bá a pàdé lórí erékùṣù.

Ó dáa, ká wọ inú ìtàn. Ọ̀nà méjì ni Ibn Tufayl gbà sọ bí Hayy ṣe dé ayé, kò sì fi dandan mú wa gba ọ̀kan. Àwọn kan ní inú amọ̀ erékùṣù náà ló ti hù jáde, níbi tí ooru àti òtútù ti wọ̀n bára mu. Àwọn mìíràn ní ọba agbéraga kan ló wà ní erékùṣù kejì, tí kò rí ẹni tó tó àbúrò òun obìnrin fẹ́. Arábìnrin yìí bá lọ fẹ́ Yaqzan níkọ̀kọ̀. Nígbà tó bímọ, ó fún un lọ́mú yó, ó tẹ́ ẹ sínú àpótí, ó dé e pa, ó gbé e lọ sí etí òkun lóru, ó sì fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìgbì gbé àpótí lọ. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ànábì Mùsá ti mọ ohùn tí òǹkọ̀wé yìí ń gbè.

Egbin kan tí ọmọ rẹ̀ sọnù ló gbọ́ ẹkún. Ó rò pé ọmọ òun ni. Ó fi pátákò walẹ̀ lára àpótí náà títí igi kan fi yẹ̀, ó rí ọmọ, ó sì fún un lọ́mú. Báyìí ni Hayy ṣe ríyá. Ó dàgbà láàrin àwọn egbin, ó ń ké bí wọ́n ti ń ké, ó mọ ohùn tí wọ́n fi ń pe ara wọn àti èyí tí wọ́n fi ń sá fún ewu. Nígbà tó ń sún mọ́ ọdún méje, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara rẹ̀. Àwọn ẹranko ní irun, àwọn ẹyẹ ní ìyẹ́, àwọn kan ní ìwo, àwọn kan ní èékánná. Òun nìkan ló wà níhòòhò, tí kò lè sáré, tí kò lóhun ìjà. Ó fi ewé bo ara, ewé rọ. Ó rí òkú idì, ó já ìyẹ́ rẹ̀ dé ara, ìyẹn ló wá bá a mu.

Egbin darúgbó. Ó ń rù, kò lè wá oúnjẹ fúnra rẹ̀ mọ́. Hayy ń mú un lọ síbi tí koríko ti tutù, ó ń já èso dídùn fún un. Lọ́jọ́ kan, egbin kò mira mọ́. Ọmọ náà ké sí i ní ohùn tó máa ń dáhùn. Kò dáhùn. Ó kígbe débi tí ohùn rẹ̀ dé. Kò sí ìyàtọ̀. Ó wo etí ìyá rẹ̀, kò rí àléébù kankan. Ó wo ojú, kò sí. Ó yẹ gbogbo oríkèé ara rẹ̀ wò, gbogbo rẹ̀ pé. Ó wá rántí pé tí òun bá fi nǹkan bo ojú, òun kì í ríran títí nǹkan ọ̀hún á fi kúrò, pé tí òun bá ki ìka bọ etí, òun kì í gbọ́ràn títí òun á fi yọ ọ́. A jẹ́ pé nǹkan kan ló ń dí ìyá òun lọ́wọ́. Bí òun bá rí i, tí òun mú un kúrò, ìyá òun á dìde.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Ọmọ yìí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ikú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí. Kò ní ọ̀rọ̀ kankan fún un. Àwa tó mọ̀ ọ́n, bó bá ṣẹlẹ̀, a ti ní ohun tí a máa ń sọ, a ti ní aṣọ tí a máa ń wọ̀ àti àdúrà tí a máa ń kà, kì í sì í pẹ́ tí àwọn nǹkan wọ̀nyí fi bo ìbéèrè náà mọ́lẹ̀. Hayy kò ní nǹkan tó máa fi bò ó.

Ó rò pé àárín ara ni ìdílọ́wọ́ yẹn gbọ́dọ̀ wà, ní àyà, torí ohun tó ń mì nínú àyà òun fúnra rẹ̀ nìkan ni òun kò lè rò pé òun lè wà láìsí. Bí ẹranko bá sì kọlù ú, àyà rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dáàbò bò. Ó fẹ́ la àyà ìyá rẹ̀, ẹ̀rù bà á pé òun ló máa wá pa á báyìí. Ló bá bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé òun ti rí ẹran kankan rí tó wà báyìí tí ara rẹ̀ tún padà bọ̀ sípò? Rárá. Bí òun bá fi í sílẹ̀, kò sí ìrètí. Bí òun bá là á, ó ṣeé ṣe kí ìrètí kù díẹ̀. Ó fi òkúta mímú àti ègé ìféèfe gbígbẹ gé ẹran àárín egungun ìhà. Ó rí ẹ̀dọ̀fóró, ó rí ọkàn. Ó là á. Yàrá méjì ló bá nínú rẹ̀: ti ọ̀tún kún fún ẹ̀jẹ̀ tó ti dì, ti òsì ṣófo.

Nípa ẹ̀jẹ̀, ó ní: ẹ̀jẹ̀ wà káàkiri ara, ó sì ti dà lára òun nígbà púpọ̀ láìjẹ́ pé òun pàdánù ohunkóhun. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni mò ń wá. Ó wá kù yàrá tó ṣófo. Kò rò pé a dá a lásán. Ohun tó ń gbé ibẹ̀ ti kó jáde. Ìgbà náà ló yé e pé nǹkan tó lọ yẹn gan-an ni ìyá òun: òun ló fún un lọ́mú, òun ló ṣàánú rẹ̀, pé òkú tó wà nílẹ̀ yìí wulẹ̀ jẹ́ ohun èlò tó ń lò ni, bí ọ̀pá tí Hayy fi ń lé ẹranko. Òkú náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Kò mọ ohun tó máa fi í ṣe, àfi ìgbà tó rí kannakánná méjì tó ń jà, tí ọ̀kan pa èkejì, tó walẹ̀, tó sì sin ín. Ó ní ẹyẹ yìí ṣe dáadáa ní ti ìsìnkú, bó tilẹ̀ ṣe burúkú ní ti pípa tó pa èkejì rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka Sūratul-Mā'idah mọ ibi tí kannakánná yẹn ti fò wá.

Oníṣègùn ló kọ ojú ìwé wọ̀nyẹn, ó hàn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi mú kúrò níbẹ̀ ni pé ọmọ yìí kò wá ara rẹ̀ rárá. Ìyá rẹ̀ ló ń wá. Gbogbo ohun tó wá mọ̀ nípa ara rẹ̀ lẹ́yìn náà, gbogbo ohun tó mọ̀ nípa Ẹlẹ́dàá, inú àyà tó là yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka ìwé náà nìyí. Nígbà tí Edward Pococke kékeré tẹ̀ ẹ́ jáde ní Oxford ní 1671, ní Lárúbáwá àti Látìnì, àti nígbà tí Simon Ockley sọ ọ́ di èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1708, ohun tó wu àwọn ará Yúróòpù ni ẹni tó dá nìkan wà tó sì fi làákàyè kọ́ ara rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn Ockley ni Robinson Crusoe, ìwé Daniel Defoe nípa ọkùnrin tí ọkọ̀ rẹ̀ rì, tó bá ara rẹ̀ ní erékùṣù, jáde, àwọn kan sì ti ń so méjèèjì pọ̀ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n níbo ni Hayy ti dá wà? Wàrà egbin ló mu. Ẹyẹ ló kọ́ ọ ní ìsìnkú. Ọ̀fọ̀ ló fi í sójú ọ̀nà.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, mo máa yára kọjá nínú wọn. Igbó ìféèfe gbiná, ó mú ẹyọ ẹ̀ka tó ń jó, ó rí i pé iná mọ́lẹ̀, ó gbóná, ó sì ń gòkè, ló bá rò pé irú rẹ̀ ló jáde lára ìyá òun. Ó mú ẹranko láàyè, ó la ọkàn rẹ̀, ó bá ooru funfun bíi kùrukùru nínú yàrá òsì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó o níka, ẹranko sì kú lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó fi di ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó ti kọ́ ilé, ó ti fi awọ ránṣọ, ó ti sin ẹran. Síbẹ̀ ooru yẹn kò tó o. Ó wò ó pé gbogbo ohun tó wà láyé ló ń yí padà, omi ń di ooru, ooru ń di omi, ohun tó sì ń yí padà gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń yí i. Ó wá gbójú sókè.

Ibí yìí ni ìbéèrè ọba ti dé erékùṣù. Ṣé ayé yìí ti wà láìní ìbẹ̀rẹ̀, àbí a dá a? Ọ̀pọ̀ ọdún ni Hayy fi rò ó. Tó bá mú apá kan, ìṣòro yọjú. Tó bá mú apá kejì, ìṣòro mìíràn yọjú. Kò yanjú rẹ̀. Ó rí i pé ọ̀nà méjèèjì ló dé ibì kan náà: Ẹnìkan wà tí kì í ṣe ara, tí ayé kò lè wà láìsí I. Ohun tó mú kí ẹ̀rù ba onímọ̀ ńlá láàfin ni Ibn Tufayl fi sẹ́nu ọmọ tí kò ní olùkọ́, tí kò sí ẹni tó lè fẹ̀sùn kàn án. Mo gbà pé ìdí pàtàkì nìyí tí ìwé yìí fi jẹ́ ìtàn.

Lẹ́yìn èyí ló bi ara rẹ̀ pé: kí ni mo fi mọ Ẹni yẹn? Ojú kò lè rí I, etí kò lè gbọ́ Ọ, nítorí ohun tó lára nìkan ni wọ́n ń mọ̀. A jẹ́ pé ohun tí mo fi mọ̀ Ọ́n nínú mi, kì í ṣe ara. Ó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlógójì nígbà yẹn, kó tó mọ ara rẹ̀.

Ìwà rẹ̀ yí padà. Ẹni tó ń la ẹranko láàyè tẹ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwọ̀nba èso, ó sì ń dá kóró rẹ̀ sí kó lè hù. Tó bá rí ewéko tí nǹkan ṣíji bò lọ́wọ́ oòrùn, á mú nǹkan ọ̀hún kúrò. Tí òùngbẹ bá ń pa ewéko, á bu omi rin ín. Tí ẹ̀gún bá há sí ẹranko lára, á yọ ọ́. Ó ní báyìí ni oòrùn àti àwọn ìràwọ̀ ń ṣe sí ayé, òun fẹ́ fìwà jọ wọ́n. Ó tún ń yí ká erékùṣù, ó ń yí po bí wọ́n ti ń yí. Mo fẹ́ràn apá yìí ju gbogbo ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ inú ìwé náà lọ. Ẹni tó ti rí ohun tó kọjá ayé ló wá ń bomi rin koríko.

Ó wọ inú ihò àpáta, ó dijú, ó gbààwẹ̀, títí ohun gbogbo fi parẹ́ fún un, àti òun fúnra rẹ̀. Àwọn súfí, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí tó ń fi ọkàn wá Ọlọ́run, mọ ipò yẹn. Nígbà tó jí, ó rò pé òun àti Ẹni Òtítọ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ibn Tufayl ò jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Ó ní èrò òdì yìí ìbá fìdí múlẹ̀ nínú rẹ̀ bí kì í bá ṣe pé àánú Ọlọ́run yọ ọ́. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn ìwé òde òní tó ń sọ fún ènìyàn pé tó bá wo inú ara rẹ̀ dáadáa, Ọlọ́run lòun. Ọkùnrin tó jìn sínú ara rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ yìí pèsè ìdáhùn, ìdáhùn náà sì ni bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún kó tó rí ènìyàn. Absal, ẹlẹ́sìn láti erékùṣù tó wà nítòsí, ló pín ohun ìní rẹ̀ fún àwọn aláìní, tó wọkọ̀ wá dá gbé. Nígbà tó rí Hayy, ó sá. Hayy lé e bá, ó dì í mú, Absal ń sunkún, ó ń gbàdúrà, Hayy ń fi ohùn ẹranko tù ú nínú, ó ń fọwọ́ pa á lórí, kó lè mọ̀ pé òun kò ní ibi lọ́kàn. Absal kọ́ ọ lédè, á nawọ́ sí nǹkan, á pe orúkọ rẹ̀, Hayy á tún un pè. Bí Hayy ti wá ń sọ ohun tó rí fún un, Absal rí i pé ohun kan náà ni ẹ̀sìn òun ń fi òwe sọ. Ohun méjì ni kò yé Hayy nínú ẹ̀sìn náà: kí ló dé tí a fi òwe bo ọ̀rọ̀, kí ló sì dé tí a fi gba àwọn ènìyàn láyè láti kó ọrọ̀ jọ?

Àwọn méjèèjì wọkọ̀ lọ sí erékùṣù Absal, níbi tí Salaman ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jọba. Hayy bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tó lóye jù níbẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń yí ojú kúrò, inú wọn ń bí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un torí àjèjì ni, ọ̀rẹ́ Absal sì ni. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Salaman, ó ní kí wọ́n di ohun tí wọ́n ní mú, kí wọ́n pa òfin mọ́. Òun àti Absal padà sí erékùṣù egbin, wọ́n sì ń sin Ọlọ́run níbẹ̀ títí wọ́n fi kú.

Ìpinnu yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ gbèjà rẹ̀, pé wọ́n ní kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè gba òtítọ́ láìsí aṣọ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Absal béèrè, ó sì gbọ́. Àwọn ará ìlú kò béèrè, Hayy ló lọ bá wọn. Kò sí ẹni tó ní kí òkú egbin dáhùn nínú wọn, kò sí ẹni tó ń wá ìyá rẹ̀. Hayy fi ìdáhùn síwájú àwọn tí ìbéèrè kò tí ì dùn. Mo rò pé àṣìṣe ọ̀nà nìyí, kì í ṣe àìlóye àwọn ènìyàn, ó sì ṣeé tún ṣe ká ní ó dúró díẹ̀ sí i láàrin wọn, kó wo ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tàbí tí àìsàn dá dúró, kó jókòó tì í.

Ibn Tufayl fúnra rẹ̀ kò ṣe bí Hayy. Kò fi ààfin sílẹ̀ lọ sí erékùṣù. Ó ń wo aláìsàn, ó ń mú onímọ̀ wọlé tọ ọba, nígbà tó di 1182 tí ọjọ́ ogbó dé, ó fi iṣẹ́ ìṣègùn ọba lé Ibn Rushd lọ́wọ́. Ìwé yìí gan-an, lẹ́tà ni. Ó kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ kan tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ níparí pé òun fi ìbòjú tín-ínrín bo àṣírí inú rẹ̀, èyí tí ẹni tó yẹ lè tètè fà ya.

Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó má jẹ́ kí ìfáárà dá òun padà. Àríyànjiyàn pẹ̀lú Ibn Sina, al-Ghazali àti Ibn Bajja, àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí tó ṣáájú rẹ̀, ló wà níbẹ̀, ó le fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti orí erékùṣù, kó o padà síbẹ̀ lẹ́yìn. Ìwé náà kò gùn rárá. Mo sì ń fi àǹfààní ìjókòó yìí bẹ àwọn alufa wa ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn, ní Ìwó, tí Lárúbáwá yọ̀ mọ́ lẹ́nu bí Yorùbá: ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Bí gbogbo rẹ̀ bá wúwo, ẹ kọ́kọ́ mú ojú ìwé tí egbin ti kú, ẹ kà á sétí àwọn ọmọ iléèwé, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n béèrè ohunkóhun tó bá wá sí wọn lọ́kàn.